Ayé tí mo bá nínú ìwé àdúrà mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mò ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú yàrá, mo bá kan ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ àdúrà sí ní nǹkan bí ọdún 11 sẹ́yìn. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, omi ti dà sí i níbì kan débi pé bírò ti ràn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Inú mi kọ́kọ́ dùn torí mo rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo bẹ Ọlọ́run fún tó sì ti ṣe é, èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, mò ń sọ pé Baba ẹ ṣé o. Ìgbà tí mo máa fi ka ojú ìwé mẹ́wàá, ẹ̀rín yẹn ti ń kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀.

Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ o. Mo bẹ Ọlọ́run fún iṣẹ́ tó dáa ju èyí tí mò ń ṣe nígbà yẹn lọ, mo bẹ̀ Ẹ́ fún ilé, fún ìgbéga, fún kí orúkọ mi máa ròkè. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmọ́ lójú ìwé kan mo kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà, mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: Olúwa, gbé mi dé ibi tí àwọn tó fojú di mí á ti máa wá mi kiri. Mo ka gbólóhùn yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ṣì rántí àwọn tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo ń kọ ọ́, mo mọ̀ wọ́n lórúkọ, mo tiẹ̀ rántí aṣọ tí ọ̀kan nínú wọn wọ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mí wọra. Ààwẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ àdúrà yẹn, mo kọ déètì sí i, mo kọ "ọjọ́ kẹta" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ebi ń pa mí, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń pe orúkọ Jésù, ohun tí mo sì ń tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀ ni pé kí àwọn èèyàn kan rí mi kí ojú tì wọ́n.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ní gbogbo ọdún yẹn, tẹ́ ẹ bá bi mí pé ṣé onígbàgbọ́ tó fẹ́ràn ayé ni mí, màá ní láéláé. Lójú tèmi mo ti jáde nínú ayé tipẹ́. Mi ò lọ síbi tí wọ́n ń lọ, mi ò mu ohun tí wọ́n ń mu, orin tí wọ́n ń gbọ́ kò sí lórí fóònù mi. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí mo ti gba Jésù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, pé ayé ní ojú, èèyàn á rí i á dá a mọ̀, aṣọ báyìí báyìí ni ayé, fíìmù báyìí ni ayé, ẹni tó bá ti yẹra fún wọn ti bọ́. Mi ò ní bú ẹ̀kọ́ yẹn o, ó kó mi yọ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tó gbé àwọn tá a jọ dàgbà lọ, mo sì mọ̀ pé àwọn tó kọ́ wa fẹ́ràn wa dénú. Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. A ti ilẹ̀kùn iwájú gbọn-in gbọn-in, a fi kọ́kọ́rọ́ sí i, a tún gbé nǹkan tì í, ayé sì ti wà nínú yàrá lọ́dọ̀ wa, ó ń bá wa kúnlẹ̀, ó ń bá wa ṣe àmín.

Róòmù 12:2 ni gbogbo wa mọ̀ sórí lórí ọ̀rọ̀ yìí, "Kí ẹ má sì da ara yín pọ̀ mọ́ ayé yìí: ṣùgbọ́n kí ẹ paradà láti di titun ní ìrò-inú yín." Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka ẹsẹ yìí, apá àkọ́kọ́ yẹn ni mo máa ń dì mú, tí mo bá ti dé ibi ìrò-inú ńṣe ni mo máa ń sáré kọjá. Ẹ wá wò ó dáadáa, Pọ́ọ̀lù ò dárúkọ aṣọ níbẹ̀, kò dárúkọ ibi téèyàn ń lọ lálẹ́. Ìrò-inú ló mú. Ibi téèyàn ti ń ka nǹkan sí nǹkan, ibi tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé èyí ni iyì, èyí ni ìtìjú, èyí ni mo gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó lè pè mí ní èèyàn, ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ní kó di titun.

Ọ̀rọ̀ paradà yẹn náà mú mi ronú. Lẹ́nu wa, ọ̀gà ló ń paradà, ibi tó bá dúró lé la ní ó ń mú àwọ̀ rẹ̀ jọ. Irú ìparadà yẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Tí mo bá wà láàárín àwọn tó ń gbàdúrà, mo mọ ohùn tí wọ́n fi ń gbàdúrà, tí mo bá dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ti ra èyí ẹni tó ti kọ́ tọ̀hún, ohùn mi á yí padà kí n tó jókòó. Ti Pọ́ọ̀lù ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀ ni Mátíù àti Máàkù lò nígbà tí wọ́n ń ròyìn bí Jésù ṣe paradà lórí òkè lójú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù, tí ojú Rẹ̀ ń ràn bí oòrùn. Kò sẹ́ni tó tan iná sí I lára lórí òkè yẹn. Inú Rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti wá, ó kàn hàn síta ni.

Ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù pè ní ayé nínú ẹsẹ yẹn, aiōn ni ní Gíríìkì, ó sún mọ́ ohun tá à ń pè ní ìgbà tàbí sànmánì, bí nǹkan ṣe ń lọ lásìkò kan. Ó yàtọ̀ sí kosmos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì mìíràn fún ayé, tó wà nínú Jòhánù 3:16. Kosmos yẹn náà ló wà nínú 1 Jòhánù 2:15 níbi tí wọ́n ti ní ká má ṣe fẹ́ràn ayé, ó sì ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú pé ṣé Ọlọ́run wá fẹ́ràn ohun tí Òun fúnra Rẹ̀ ní kí àwa má fẹ́ràn ni? Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Nínú Jòhánù 3:16, Ọlọ́run fẹ́ *aráyé*. Nínú lẹ́tà Jòhánù, ká má ṣe fẹ́ràn *ayé*. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ní Gíríìkì, èdè wa wá pín in sí méjì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Aráyé ni àwọn èèyàn, ẹlẹ́ran ara bíi tiwa, àwọn ni Jésù tìtorí wọn kú. Ayé ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rò, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara wọn.

Ìgbà tí mo wá ronú kan ibẹ̀ yẹn ni omi bọ́ lójú mi, torí òdìkejì rẹ̀ gan-an ló wà nínú ìwé àdúrà mi. Mi ò fẹ́ràn aráyé, mo fẹ́ràn ayé. Àwọn tó fojú di mí yẹn, kò sí ojú ìwé kan tí mo ti gbàdúrà fún wọn, pé kí Ọlọ́run bù kún ilé wọn, pé kí wọ́n mọ̀ Ọ́n. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn, mo gbà á lọ́wọ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ní nǹkan kì í ṣe nǹkan kan, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní nǹkan kí n lè jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ìyẹn là ń pè ní kéèyàn da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ayé, kò sì béèrè pé kéèyàn wọ aṣọ kan tàbí kó mu ìgò kan.

Jòhánù dá a sí mẹ́ta, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ojú, àti ìrera ayé. Ti àkọ́kọ́ la máa ń gbọ́ ìwàásù lé lórí, mi ò sì ní tún un wí níbí. Ti kẹta yẹn ni mò ń bá jà, tí mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ń bá jà láì mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí a máa ń fún un nílé ni "kí layé máa wí." Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ rí i, nínú gbólóhùn yẹn, ayé ti di àwọn tó ń wò wá. Èèyàn á jẹ gbèsè nítorí kí layé máa wí, á parọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, á fi ọmọ rẹ̀ sí ohun tí ọmọ ò fẹ́, á sì ní òun ò fẹ́ràn ayé torí òun kì í lọ sí pátì. Jòhánù orí 12 sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí àwọn Júù gba Jésù gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè jẹ́wọ́ Rẹ̀ nítorí àwọn Farisí, "nítorí wọ́n fẹ́ ìyìn ènìyàn ju ìyìn ti Ọlọ́run lọ." Wọ́n gbà gbọ́ o! Ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀. Ìyìn ló dí i lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi, tó jẹ́ pé inú mi ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò kan nínú ìjọ wa dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan láti jẹ́rìí, ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un ni ohun tí mo ti ń tọrọ láti bí ọdún mẹ́fà, bí ẹni pé wọ́n ṣí lẹ́tà mi tí wọ́n wá kọ orúkọ tiẹ̀ sí i. Mo pàtẹ́wọ́. Mo kígbe halelúyà. Nígbà tá a ṣe ìsìn tán ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́ o," ó dì mọ́ mi, ara rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ayọ̀, mo ní mo bá ẹ yọ̀ gan-an, Ọlọ́run á mú un dúró. Mo délé, mi ò tíì bọ́ bàtà, mo ti wà lórí Facebook rẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi ń wo fọ́tò rẹ̀ látìgbà tó ti pẹ́, mò ń wá ohun kan, mi ò mọ ohun tí mò ń wá nígbà yẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Mò ń wá ẹ̀rí pé kò yẹ fún un tó mi. Bí mo ṣe jókòó tẹ̀mí tẹ̀mí nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, Bíbélì lórí tábìlì.

Tó o bá sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé ayé ló ń ṣe mí, màá ní rárá o, ó kàn ń dùn mí pé Ọlọ́run ò tíì dá mi lóhùn ni.

Àníyàn náà wà níbẹ̀. Nínú òwe afúnrúgbìn, nígbà tí Jésù ń ka àwọn ẹ̀gún tó fún ọ̀rọ̀ náà pa nínú Máàkù 4:19, kò fi fàájì bẹ̀rẹ̀, "àníyàn ayé" ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan ìtànjẹ ọrọ̀, kó tó kan ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ohun mìíràn. Aiōn yẹn náà ló wà níbẹ̀ ní Gíríìkì. Mo ti máa ń rò pé àníyàn jẹ́ ti ẹni tó ń jìyà, ẹ̀ṣẹ̀ ayé sì jẹ́ ti ẹni tó ń gbádùn, àṣé ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè jẹ́ ẹni ayé pátápátá, kó máa sùn pẹ̀lú owó tí kò ní, kó máa jí pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹnì kan á wá ní ṣé ká kúkú sá kúrò láàárín èèyàn ni? Àwọn kan ti ṣe é. Jerome, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí Látìnì, sá lọ sí aṣálẹ̀ ní Síríà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gbààwẹ̀ débi tó fi gbẹ, kò sí ẹnikẹ́ni ní tòsí ju àkéekèé àti ẹranko lọ. Ní ọdún 384 ó kọ lẹ́tà sí ọ̀dọ́bìnrin kan, ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé nínú aṣálẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ojú tí ààwẹ̀ ti sọ di funfun, ọkàn òun ṣì wà láàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń jó ní Róòmù. Mo bọ̀wọ̀ fún un pé ó sọ ọ́. Róòmù tó sá fún ti bá a débẹ̀. Jésù fúnra Rẹ̀ sì ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó mú Un, Jòhánù 17:15, Òun ò gbàdúrà pé kí Baba mú wọn kúrò ní ayé, bí kò ṣe kó pa wọ́n mọ́ kúrò nínú ibi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí tún ti le ni pé ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ lè gbé ayé wọlé. John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, nígbà tó ti dàgbà gan-an, ní 1786, ó kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ohun tó rí ni pé ẹ̀sìn tòótọ́ ń mú kéèyàn múra síṣẹ́, kó má náwó nínàákúnàá. Ẹni tó bá ń múra síṣẹ́ tí kì í náwó nínàákúnàá, owó á dé. Bí owó bá dé, ìgbéraga àti ìfẹ́ ayé á tẹ̀ lé e, ẹ̀sìn á wá kù ní orúkọ lásán. Mo ka ìyẹn, mo rí ara mi níbẹ̀, torí mo ti rí nǹkan díẹ̀ gbà nínú àwọn ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn, mo sì mọ bí àdúrà mi ṣe kúrú sí i lẹ́yìn tí wọ́n dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Démà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wà nínú Bíbélì. Nínú lẹ́tà sí Fílémónì, Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n, ó ń kí wọn, ó ka Démà mọ́ Máàkù àti Lúùkù, ó pe gbogbo wọn ní alábàáṣiṣẹ́ òun. Nínú Kólósè 4:14, Lúùkù oníṣègùn olùfẹ́ àti Démà kí yín. Ẹ̀ẹ̀kẹta wà nínú 2 Tímótì 4:10, Pọ́ọ̀lù ti tún wà lẹ́wọ̀n, lọ́tẹ̀ yìí ó ti mọ̀ pé wọ́n máa pa òun, ó wá kọ ọ́ pé, "Nítorí Démà ti kọ̀ mí sílẹ̀, nítorí ó ń fẹ́ ayé ìsinsìnyí, ó sì lọ sí Tẹsalóníkà." Aiōn náà tún nìyẹn o, ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú Róòmù 12:2. Démà á ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́nu Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, bóyá kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ò sọ nípa rẹ̀. Kò sọ pé ó sẹ́ Jésù, kò sọ pé ó lọ bọ òrìṣà, kò sọ pé ó mutí tàbí ó gbé obìnrin. Tẹsalóníkà ló lọ, olú ìlú Makedóníà, ìlú etíkun tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tí ọ̀nà ńlá àwọn ará Róòmù gba inú rẹ̀ kọjá, tí ìjọ sì wà níbẹ̀, ìjọ tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀! Démà lè lọ síbẹ̀ kó máa lọ sí ìsìn, kó máa kọrin, kó tiẹ̀ máa sọ fún wọn pé èmi àti Pọ́ọ̀lù la jọ ṣiṣẹ́ ní Róòmù. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àgbàlagbà kan nínú ẹ̀wọ̀n, tí kò ní nǹkan kan mọ́ tó lè fún èèyàn, tí kéèyàn ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ewu. Ayé ìsinsìnyí nìyẹn. Ó mọ ẹni tó ń ròkè, ó mọ ẹni tó ń lọ sílẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn yọ ẹsẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sì í dé lójijì. Lọ́ọ̀tì kọ́kọ́ gbé ojú sókè, ó rí i pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì lómi dáadáa, Jẹ́nẹ́sísì 13. Ó wá pàgọ́ rẹ̀ títí dé Sódómù. Ní orí 14 ó ti ń gbé inú Sódómù. Ní orí 19 ẹnu bodè ìlú ló jókòó sí, àwọn áńgẹ́lì sì ní láti fà á lọ́wọ́ jáde torí ó ń lọ́ra.

Mo sọ pé Démà ò kúrò lọ́kàn mi. Ìdí ni pé èmi náà ní ẹni tí mo fi sílẹ̀.

Bùrọ̀dá kan wà nínú ìjọ wa, àwọn ló máa ń pè mí tí mi ò bá wá sí ìsìn, àwọn ni wọ́n gbàdúrà pẹ̀lú mi lóru nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Oṣù kìíní mo pè wọ́n léraléra. Oṣù kẹta mo máa ń fi mẹ́sèèjì ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, tí mo bá rí orúkọ wọn lórí fóònù, màá jẹ́ kó dún tán. Mo sọ fún ara mi pé mi ò ní ohun tí mo lè fún wọn, kí ni màá wá sọ. Irọ́ ni, wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ mi ti kọrí síbi táwọn tó ń ròkè wà, láì jẹ́ pé mo jókòó pinnu rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, ìlà tí mò ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo ti kúrò níbẹ̀. Jákọ́bù orí 2 kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin olórùka wúrà wọlé, wọ́n ní jókòó síbi dáradára, tálákà wọlé, wọ́n ní ìwọ dúró níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí orí yẹn, mo sì ti ṣe àmín sí i dáadáa, mo ṣáà rò pé àwọn aṣètò ìjókòó ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí mo ka ìwé àdúrà yẹn tán, mo ṣí Bíbélì sí 2 Tímótì lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wá kà á kọjá ẹsẹ 10 tí mo máa ń dúró sí. Ẹsẹ 11, "Lúùkù nìkan ló wà pẹ̀lú mi. Mú Máàkù wá pẹ̀lú rẹ: nítorí ó wúlò fún mi fún iṣẹ́ ìránṣẹ́." Ṣé ẹ rántí irú ẹni tí Máàkù jẹ́? Ìṣe 13, ó fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ lójú ọ̀nà ní Páńfílíà ó padà sílé, ó dun Pọ́ọ̀lù débi pé nígbà tí Bánábà ní kí wọ́n tún mú un dání, àwọn méjèèjì jà, wọ́n pínyà. Ẹni tó sá ló wà nínú ẹsẹ 11, ẹni tó sá ló wà nínú ẹsẹ 10. Pọ́ọ̀lù kọ wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Mo jókòó ti ibẹ̀ yẹn pẹ́ gan-an.

Ẹsẹ 13 náà tún wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ pa ní kí Tímótì bá òun mú aṣọ ìlékè tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, àtàwọn ìwé, pàápàá àwọn ìwé awọ, nígbà tó di ẹsẹ 21 ó ní kó gbìyànjú láti dé kí ìgbà òtútù tó dé. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run ò fẹ́ kéèyàn ní nǹkan ka ẹsẹ yìí. Òtútù ń mú un, ó fẹ́ aṣọ rẹ̀, ó fẹ́ ìwé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láì tijú. Kò sí ìrera ayé nínú ẹ̀, òtútù ló wà nínú ẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ìwé àdúrà mi, ilé, iṣẹ́, owó, mo lè tún tọrọ gbogbo wọn lọ́la. Ìlà méjì tí mo fà sídìí gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí Ọlọ́run bá mi yọ kúrò.

Ohun kan tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yẹn ni pé mo gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Tẹ́lẹ̀, kí n tó sọ pé Jésù ẹ káàárọ̀, mo ti wo ilé bí ogún èèyàn, mo ti mọ ẹni tó rìnrìn àjò, ẹni tó ṣe ọjọ́ ìbí, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ra nǹkan fún un, nígbà tí mo bá máa fi kúnlẹ̀, ìrò-inú mi ti jẹun yó, oúnjẹ ayé ló sì jẹ. Báyìí yàrá kejì ni fóònù ń sùn. Kò rọrùn o, ọjọ́ kẹta mo jí lóru mo lọ wò ó. Sáàmù kan ni mo ń kà kí n tó fọwọ́ kàn án, mo ń kà á sókè kí etí mi gbọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sílé bùrọ̀dá yẹn. Mi ò pè kí n tó lọ, torí mo mọ̀ pé tí mo bá pè màá sọ̀rọ̀ tó dáa lórí fóònù màá sì jókòó sílé. Ọmọ wọn obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wà lẹ́bàá tábìlì, wọ́n ń bá ọmọ kékeré kan ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n wọ síwẹ́tà kan tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mi ò ṣe dáadáa sí yín." Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí, gbogbo ẹ̀ ló fò lọ. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, dìde, dìde. Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti san?"

Ọdún méjì. Wọ́n ṣì rántí orúnkún màmá mi.

A jókòó, a sọ̀rọ̀, ìyàwó wọn dé bá wa, a rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí ọmọ yẹn kọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n ní ká gbàdúrà, mo rò pé wọ́n máa gbàdúrà iṣẹ́, mo ti múra sílẹ̀ láti fi agbára ṣe àmín. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wá. Wọ́n gbàdúrà fún màmá mi. Wọ́n dárúkọ ẹnì kan níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti dá wọn dúró, ẹni tó jẹ́ pé òun ló kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn tó máa lọ, wọ́n ní kí Ọlọ́run wo ọmọ rẹ̀ sàn, ara ọmọ náà ò yá. Ohùn wọn ò yí padà nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Mo la ojú láàárín àdúrà, mo wò wọ́n.

Nígbà tí mo padà délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo mú ìwé kékeré yẹn. Ó ku ojú ìwé mẹ́rin lẹ́yìn tí omi ò dé. Mo kọ déètì, mo kọ orúkọ bùrọ̀dá, mo kọ orúkọ àbúrò tó jẹ́rìí lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó fojú di mí. Ti ẹni kejì ni mo kọ dé, bírò wà lọ́wọ́ mi fún ìgbà pípẹ́.